Ìgò Kẹtàdínlógún

Láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti sọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé orí àbúrò Ìyá Oníwọ̀n pé, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun ìyá náà mọ́. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń wọn òkú aláǹgbá nínú yàrá ìwádìí tí òórùn sípíríìtì tí wọ́n fi ń pa wọ́n mọ́ sínú ìgò ti wọ ògiri, orúkọ ìnagijẹ yẹn nìkan ló sì rí gbà. Òun ló mú àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, wọ iṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹran náà láti abíyá dé ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò ju ọdún kan lọ tí àbúrò fi wo ìwé ìwọ̀n tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì rí ohun tí ẹ̀gbọ́n ò rí.

Ohun náà ò le. Àwọn aláǹgbá kan ń yé ẹyin; àwọn ìbátan wọn kan ń gbé ọmọ sínú títí yóò fi gbó, wọ́n á wá bí i láàyè. Abo tó ń bímọ láàyè, àárín ara rẹ̀ máa ń gùn ju ti ìbátan rẹ̀ tó ń yé ẹyin lọ, torí ọmọ ń fẹ́ àyè.

"Kí ló dí mi lójú?" Ìyá Oníwọ̀n á máa bi ara rẹ̀ bó bá ń fọ abọ́.

Ìgò kan ṣoṣo ló ta ko ọ̀rọ̀ náà, ìgò kẹtàdínlógún. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àwọn tinú rẹ̀ ń yé ẹyin, síbẹ̀ ara wọn gùn gbọọrọ. Ọ̀gá ní bí àbúrò ò bá rí ìdí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Inú ẹ̀gbọ́n dùn débi pé ojú ara rẹ̀ tì í.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà táwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, ó la abo kan láti inú ìgò náà. Ó fẹ́ kó ẹyin rẹ̀ lọ síwájú ọ̀gá kí ọ̀rọ̀ àbúrò lè wó pátápátá. Kò bá ẹyin kankan níbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló bá, wọ́n ká jọ, wọ́n ti ní ojú àti ìka. Ó yíjú sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò: ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, kò la ọ̀kankan. Ó rí i pé wọ́n jọ àwọn tó ń yé ẹyin nínú ìgò ẹ̀gbẹ́ wọn, ló bá kọ ohun kan náà.

Ó ti mú abẹ́rẹ́ àti òwú, kó rán an padà kó dákẹ́, kí àbúrò tó wọlé. Àbúrò wo inú abọ́.

"Mo ti la ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá," ló rọra sọ.

"O ò sì sọ fún ọ̀gá?"

"Ìkọ̀wé yín ni mo rí lára ìgò, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á ní gbogbo iṣẹ́ yín látọjọ́ yìí ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ jẹ́ kó lọ. Màá tún rí òmíì ṣe."

Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n dì mọ́ ọn. Ńṣe ni inú tún bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọpọlọ, àbúrò ló ni ín. Inú rere, àbúrò náà ló ni ín. Ó gbé abọ́ náà, ó kọrí sí yàrá ọ̀gá.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Mo ń lọ sọ ọ́. O ò ní ṣe mí lóore tí mi ò bẹ̀ ọ́."

Ọ̀gá bá a wí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó sì ní iṣẹ́ àbúrò yóò jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n padà, àbúrò ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀. Ìyá Oníwọ̀n dúró, ó ń wo omijé náà, ó sì jowú ìyẹn pẹ̀lú, torí òun ò sunkún nítorí ẹnikẹ́ni rí.