Mẹ́wàá, Mẹ́ta, Méjì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n fi kọ ògbufọ̀ rẹ̀, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ka àṣẹ táwọn òṣìṣẹ́ bá tẹ̀, tí á sì mú kí ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àbúrò rẹ̀ fi kọ tiẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní tó bá di Ọjọ́bọ̀, òun á mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ká má purọ́, ìlara náà pọ̀. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, tó mú wọ ilé iṣẹ́ yìí, òun ni wọ́n wá ń pè ní ọlọ́pọlọ pípé. Ìyá wọn gan-an, tó bá pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, iṣẹ́ àbúrò ló máa kọ́kọ́ béèrè. Bí ìlara bá ń rùn ni, wọn ì bá ti ṣí gbogbo fèrèsé ọ́fíìsì sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n bá òun yẹ iṣẹ́ òun wò, ó sì lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àbúrò, ó ń wá àléébù. Ó tẹ ìṣirò kékeré kan: mẹ́wàá, yọ mẹ́ta, yọ méjì. Márùn-ún ló yẹ kó jáde. Mẹ́sàn-án ló jáde. Ẹ̀yìn ni ògbufọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀: ó kọ́kọ́ yọ méjì kúrò nínú mẹ́ta, ó wá yọ ẹyọ kan tó kù kúrò nínú mẹ́wàá. Inú ẹ̀gbọ́n dùn ṣìnkìn. Ó pa ìṣirò náà rẹ́. Nígbà tí àbúrò dé, tó bi í bóyá ó ti bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí wàhálà.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá láti dán iṣẹ́ àbúrò wò. Ó tẹ ìṣirò náà. Mẹ́sàn-án hàn gàdàgbà lára ògiri tí wọ́n ń tan ojú kọ̀ǹpútà sí. 

Ojú ti àbúrò. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Inú iṣẹ́ yín ni mo ti kó apá ibẹ̀ yẹn. Mi ò tiẹ̀ dán an wò, torí pé tiyín ni.”

Ọ̀gá ní kí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí tiẹ̀ náà. Láti ọdún mẹ́ta, ìṣirò ńláńlá nìkan ló ń dán wò. Ó tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án.

Àbúrò kò wo ògiri mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ ò wá àṣìṣe náà rárá,” ó ní jẹ́jẹ́. “Ẹ kàn lọ síbẹ̀ tààrà ni. Ẹ ti mọ̀ láti àná.”