Bí Mo Ṣe Ya Àwòrán Táyé

Apá òsì agbádá ni mo ń kùn lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin inú àwòrán sọ fún mi pé ọrùn aṣọ náà há òun. Mo ní kó ṣe sùúrù, ọ̀dà kò tíì gbẹ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe sùúrù, n kò sì lè bá a jiyàn. Kò tíì ní ojú nígbà náà. Fìlà abetí-ajá ti wà lókè ọrùn rẹ̀, ó dúró fúnra rẹ̀ níbi tí orí yóò wà, ohùn rẹ̀ sì ń jáde láti abẹ́ fìlà.

Táyé ni, ìkejì mi. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ nígbà tí a jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn àgbà ní Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Èmi ni mo rán an nígbà náà, òun ló sì kọ́kọ́ padà, kò jábọ̀ iṣẹ́ fún mi. Mi ò tíì dárí jì í.

Ìyá wa wà ní igun yàrá, ó ń di ẹrù. Òun ló bẹ̀ mí níṣẹ́ àwòrán náà. Ó ní òun ń lọ bá Táyé, ìdì mẹ́ta ni ẹrù òun, bí òun bá ti di ẹ̀kẹta tán òun yóò dìde, kí n má wulẹ̀ bẹ òun. Kò bẹ̀rù ikú rárá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun sin, ọdún mẹ́rìnlélógójì sì ti kọjá.

"Ó ti di géńdé ọkùnrin lọ́hùn-ún báyìí," ni ó wí. "Bí n kò bá rí ojú ẹ̀ kí n tó lọ, báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀? Ṣé kí n dé ọ̀run tán kí n wá máa bi gbogbo ọkùnrin léèrè ìyá tó bí wọn?"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti di ìdì kan tán, ó sì ti ń wá okùn fún èkejì.

Aṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ yà. Ẹni tó bá fi ojú bẹ̀rẹ̀, ojú náà yóò máa ṣọ́ ọ títí yóò fi ṣì í yà. Bí ojú bá wá kù, mo ní dígí kan tí mo gbé kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánfáàsì. Ìbejì kan náà ni wá, a jọra bí abala obì. Mo rò pé bí mo bá ti wo ojú ara mi, mo ti rí tirẹ̀.

Aṣọ kò wọ́n wa. Nígbà tí Táyé lọ, wọ́n gbẹ́ ère fún un, ohun tí Ìyá bá sì ti rà fún mi ni ó ń rà fún ère. Òfin ìbejì ni. Mo dàgbà, ère kò dàgbà, ṣùgbọ́n Ìyá kò yéé rà, àwọn aṣọ náà sì ń kó jọ sínú àpótí pákó. Àpótí náà ṣí fúnra rẹ̀. Àwọn aṣọ jáde, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn níwájú mi, wọ́n ń dúró kí ó kàn wọ́n. Aṣọ aláwòrán ẹyẹ nìkan ni kò jáde. Méjì ni Ìyá dá nínú rẹ̀ fún wa lọ́dún tí Táyé lọ. Táyé ti fi eyín já bọ́tìnnì kẹta lára tirẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi sin ín.

Fìlà ti sọ tirẹ̀ kí n tó kùn ún. Ó ní, "Ti ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ ni mí." Bí mo ṣe kùn ún tán ni n kò rántí orúkọ ìyàwó mi mọ́. Mo mọ̀ pé mo ní ìyàwó, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé tó ń fọ abọ́. Orúkọ rẹ̀ ni n kò rí. Agbádá sányán ní òun ni ti ọjọ́ tí mo ṣí ilé. Mo fi ọ̀dà ilẹ̀ àti omi tíì po àwọ̀ rẹ̀, mo sì ya gbogbo ọnà ọrùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ògiri ilé mi kò ní ojú fèrèsé mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ní òun ni ti ọjọ́ oyè. Lẹ́yìn iyùn, àwọn tó ń kọjá níta kò kí mi mọ́. Bàtà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo kùn ún tán, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ tutù tàbí ó gbóná, mo sì wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, n kò mọ ibi tí aṣọ ọrùn mi gbà lọ.

Mo sọ fún Ìyá pé lára mi ni wọ́n ti ń yọ nǹkan wọ̀nyí.

"Fún un," ni ó wí. "Ìwọ ti lò ó pẹ́."

Ǹ bá jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, àwòrán náà rẹwà. Láti ìgbà tí mo ti ń kun nǹkan, n kò kun ohun tó dára tó o rí. Iyùn náà ń ràn bí ẹyin iná, ìṣẹ́po agbádá náà wúwo dáadáa léjìká rẹ̀. Mo ń bínú sí i, mo sì ń fi í yangàn. Mo tún fi ọ̀pá ìlẹ̀kẹ̀ kan lé e lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí. Ìyá so ìdì kejì.

Mo yíjú padà láti fọ burọ́ọ̀ṣì, yàrá náà sì ti di ilé fọ́tò Ọ̀gá Láńrewájú. Ọ̀gá Láńrewájú ti kú láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé girama. Ó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, aṣọ dúdú bo orí rẹ̀. Mo kí i. Ó ní kí n jókòó.

Ibẹ̀ ni Ìyá mú mi wá lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí Táyé lọ. Wọn kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú, wọ́n sọ fún mi pé Táyé lọ sí Èkó. Lójú ọ̀nà, Ìyá kò di ọwọ́ mi mú. Ó ní bí òun bá di ọwọ́ ọ̀kan mú, ọwọ́ òun kejì á máa wá ti Táyé. Láti ọjọ́ tí Táyé lọ ni kò ti di ọwọ́ mi mú mọ́. Ọ̀gá gbé mi sórí àga ọ̀tún, ó yà mí. Ó gbé mi sórí àga òsì, ó tún yà mí, ó sì lẹ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, ọmọ méjì ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ aláwòrán ẹyẹ. Kò sí fọ́tò Táyé mìíràn láyé yìí. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀, mo máa ń wo ẹni ọwọ́ òsì, mo sì máa ń rò ó pé Èkó ti yí i padà díẹ̀.

"Jókòó sí tìẹ," ni Ọ̀gá wí. Mo jókòó.

"Ó yá, bọ́ sí ti ìkejì ẹ." Mo bọ́ síbẹ̀. Àga náà gbóná, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, "ẹ̀yin tí ẹ ya Táyé, báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí?"

"Ẹni tó bá wá síwájú mi ni mò ń yà. Òun ò wá síbí rí."

Mo ṣí aṣọ dúdú náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Sálúbàtà Ọ̀gá wà lẹ́sẹ̀ kámẹ́rà.

Nígbà tí mo dé ìdí àwòrán padà, Ìyá ti ń di ìdì kẹta. Mo bi í pé kí ni ó fi ń mọ̀ wá yàtọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré. Kò dá ọwọ́ dúró.

"Ìwọ lo máa ń sunkún," ni ó wí. "Bí mo bá wọlé, tí ọ̀kan ń sunkún, mo ti mọ̀ pé Kẹ́hìndé nìyẹn. Táyé kì í sunkún. Ọjọ́ tó máa lọ gan-an, kò sunkún. Ó kàn ń wò mí ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbé dígí náà súnmọ́ ara mi, mo sì ya iwájú orí. Mo ya imú, mo ya ẹnu. Nígbà tí mo dé ojú, àárò Táyé sọ mí lójijì. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń dá sùn. Mo ti gbéyàwó, mo ti bímọ, síbẹ̀ mo ń dá sùn ni. Ẹkún gbọ̀n mí. Ohun tí mo bá rí nínú dígí ni mò ń yà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn, mo sì ya ojú náà bí mo ṣe rí i. Mo ya omi tó ń bọ́ nínú rẹ̀, mo ya ojú ọ̀nà tó gbà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi funfun díẹ̀ tọ́ ọ lójú kí ó lè dán.

Nígbà tí mo gbé burọ́ọ̀ṣì kúrò, ojú mi ti gbẹ.

Ìyá so ìdì kẹta, ó dìde. Ó wá dúró láàárín èmi àti àwòrán. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó mú etí ìró rẹ̀, ó fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà.

"Ó tó, Kẹ́hìndé," ni ó wí fún un. "Má sunkún mọ́, ọkọ mi. O ti gbìyànjú."

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Táyé. Ṣé ìwọ nìyí? Wọn ò fún ẹ láṣọ lọ́hùn-ún ni?"

"Ìyá, èmi ni Kẹ́hìndé."

"Bí o bá jẹ́ Kẹ́hìndé, sunkún kí n rí i."

Mo gbìyànjú. Mo já ara mi léèékánná. Mo rántí ọjọ́ tí bàbá wa kú, mo rántí Táyé lórí ẹní pẹ̀lú òtútù ibà lára rẹ̀. Mo ti ìka bọ inú kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ burọ́ọ̀ṣì, mo sì fi ra ojú. Kò ta mí, omi kankan kò sì jáde. Ojú mi gbẹ bí ojú ère.

Lẹ́yìnkùlé, ìyàwó mi pè. "Bàbá Àdùnọlá, oúnjẹ ti délẹ̀ o!" Ọkùnrin inú àwòrán fi ohùn mi dáhùn pé òun ń bọ̀. Ó tú ọrùn agbádá náà díẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ kan yọ síta, ó fi ọ̀pá ìlẹ̀kẹ̀ ti ògiri, ó sì kọjá lára mi. Ó ṣì ń nu ojú. Kò wò mí.

Ìyá gbé ìdì méjì lé mi lórí, ó gbé ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀. Wọn kò wúwo. Bí a ṣe jáde, àdúgbò wa kò sí níbẹ̀, ojú ọ̀nà eléruku pupa kan ni, oòrùn ọ̀sán sì dúró lójú kan. Ìyá di ọwọ́ mi mú. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ojú tóun rò náà ni òun rí yìí, pé òun ì bá dá mi mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ọkùnrin. Mo ti gbàgbé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń gbóná tó.

A dé ẹnu ibodè kan. Ọmọkùnrin kan dúró níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ó wọ aṣọ aláwòrán ẹyẹ, bọ́tìnnì kẹta kò sí lára rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wo Ìyá, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè pé kó gbé òun.

"Ọmọ ta ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú oòrùn báyìí?" ni Ìyá wí. Ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ìyá ẹ ń bọ̀ wá mú ẹ."

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Ìyá fún ọwọ́ mi pinpin, ó ní ká máa lọ, mo sì pa ẹnu mi dé.