Èéfín Òkè Bwenkoma

Ìyá ọkọ mi, Mà Kagemulo, lágídí ju ewúrẹ́ lọ. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí. Òun náà ní ẹnu tèmi mú ju ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ó ní kì í ṣe ìyàwó ni ọmọ òun gbé wálé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí a ṣe ń gbé pọ̀ nìyẹn. À ń bú ara wa, a sì ń jẹun nínú ìkòkò kan náà. Òfin kan ló wà tí èmi àti ẹ̀ kì í jiyàn lé lórí: ẹni tó bá yà sílé wa, ìbáà jẹ́ ẹni tí à ń bá ṣẹjọ́, kò gbọdọ̀ gbé ẹnu gbígbẹ kúrò níbẹ̀.

Ọdún 1978 ni àwọn sójà Uganda ya wọ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ní gbogbo ibi tó wà lápá àríwá odò Kagera ti di tiwọn. Òkè Bwenkoma, abúlé wa, tú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ẹni tó ní màlúù ń da màlúù. Mà Kagemulo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ tó máa ń ro ó, ó ní òun ò rebì kan. Ó ní bí òun bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ sàréè ọkọ òun nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀? Mutalemwa, ọkọ mi, bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó fẹ́ gbé e pọ̀n, ìyá la ọ̀pá mọ́ ọn léjìká, ó ní kó lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọdá odò ná. Ó ní tó bá ti fi wọ́n síbi tó dáa, kó padà wá, kí àwọn tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ.

Mo ti gbẹ́rù kọjá ọgbà nígbà tó pè mí padà.

“Ìwọ ẹlẹ́nu yìí, gbọ́. Àwọn sójà tiwa ń bọ̀, wọn ò ní fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ìbọn tiwa láti òdìkejì odò, ọjọ́ yẹn ni màá ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé, á ti pọ́n. Kí ọkọ ẹ ṣáà fọ ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa.”

Pẹ̀lú gbogbo ìdààmú ọjọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni nínú ilé ló lè gbẹ́ kòtò, kó dáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ inú èéfín títí yóò fi pọ́n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ilé ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ọpọ́n gbọọrọ, tòun ti koríko, kí omi tí a fi ń pọn ọtí tó jáde. Gbogbo ìgbà tí Mutalemwa bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí, á ní èmi ni mi ò mọ ọkọ tọ́jú.

A gba orí afárá Kyaka sọdá. Mutalemwa kó wa jókòó sábẹ́ igi, ó yí padà láti lọ mú ìyá rẹ̀ wá. Ó ń lọ lójú ọ̀nà ni a gbọ́ ariwo kan tó mi ilẹ̀ tìtì. Àwọn ará Uganda ti fọ́ afárá dà sódò kí àwọn sójà wa má bàa rọ́nà gbà. Nígbà tí ọkọ mi padà dé ọ̀dọ̀ wa, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń wo ojú mi bí ẹni pé èmi ni n ó sọ fún un ohun tó kàn.

A wá ń gbé orí òkè kan lápá ìhín odò, èmi, òun, Byera ọmọ wa àti àbúrò rẹ̀, lábẹ́ tapólì àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwa àti ọ̀pọ̀ ará abúlé wa. Bí òjò bá dá, a ń rí òkè Bwenkoma kedere, a ń rí oko wa pàápàá, nítorí igi ńlá kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kàn ń rí i ni. Òjò oṣù Bélú kó tata sẹnẹnẹ dé bó ṣe máa ń kó o dé lọ́dọọdún, bí ẹni pé kò gbọ́ pé ogun wà. Nílẹ̀ wa, obìnrin ló ń kó o, ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́, ọkọ á wá ra aṣọ fún ìyàwó. Ọkùnrin ló ṣòfin yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo kó o, mo yan án, mo gbé e síwájú Mutalemwa, mo ní aṣọ mi dà. Kò tilẹ̀ gbọ́. Òkè ló ń wò. Àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà tiwa dé. Ọkọ̀ tẹ̀lé ọkọ̀, bọ́ọ̀sì aráàlú, lọ́rì tí wọ́n fi ń kó òwú, gbogbo rẹ̀ kún fún sójà tó ń kọrin, ìbọn ńlá sì ń wọ́ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Àwọn kan tẹ̀dó sítòsí wa lórí òkè. Ọ̀gá wọn ni Makame, ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan láti etí òkun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra wo òdìkejì odò, kó máa sọ nínú rédíò ibi tí àwọn tó wà nídìí ìbọn yóò rán ọta sí. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Màmá Byera ló ń pè mí, ó sì ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Ó bi mí pé ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà la máa ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹja wá ńkọ́ lọ́dọ̀ tiyín? Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìbọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A jó. Èmi náà jó, mo ju ìborùn mi sókè. Àwọn kan ní ká má jó ju, àwọn sójà ò tíì rọ́nà sọdá, wọ́n kàn ń fi ọta lé ọ̀tá sẹ́yìn ná ni. Ta ló ráyè gbọ́ ìyẹn?

Ọjọ́ kejì, bí kùrukùrù ṣe ń ká, mo rí i pé Mutalemwa dìde dúró. Èéfín ń jáde láti inú oko wa. Funfun ni, ó fẹ̀, ó rọra ń wọ́ lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ga. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí.

“Màmá wà láàyè. Ó ti gbọ́ ìbọn. Ó ti ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀!”

Mo bú sẹ́kún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ará Bwenkoma tó wà níbẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀. A ò mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan là ń wo èéfín ọ̀hún. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Makame ti gbé awò sójú, ó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò.

Mutalemwa sáré bá a. Ó ní, “Ọ̀gá, ìyá mi nìyẹn.” Ó ṣàlàyé títí ó fi ń làágùn. Ó ní èéfín iná ọbẹ̀ máa ń nàró, kì í pẹ́ tí yóò fi tán, èyí tó ń fà nílẹ̀ látàárọ̀ yìí, ti kòtò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó ní sójà tó wá jalè kì í ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró dè é? Ọtí tó ti jinná ló ń jí.

Makame gbọ́ ọ tán, kò fi í ṣẹ̀sín. Ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí rédíò, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún wọn, kòtò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyá arúgbó. Ó tẹ́tí sí èsì wọn. Ó rọra sọ rédíò kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní láti òkè yẹn ni wọ́n ti yìnbọn lu ọkọ̀ ojú omi wa. Wọ́n ní gbogbo aráàlú ti kúrò níbẹ̀. Ibi tí èéfín bá ti ń rú, ọ̀tá ló wà níbẹ̀.”

“Ìyá mi ni ọ̀tá?”

“Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mò ń pàṣẹ.”

Ọkọ mi kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó jù ú lọ́jọ́ orí dáadáa, ó kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀. Makame fà á dìde, ojú ń tì í. Ó ní òun á ní kí wọ́n kọ́kọ́ dojú ìbọn kọ apá òkè náà tí ilé ìwé wà, tó jìnnà sí oko wa. Ó ní nígbà tí àwọn bá sọdá, òun á wá kí màmá fúnra òun, òun á tọrọ àforíjì ariwo lọ́wọ́ wọn. Ó ní mùsùlùmí lòun, òun kì í mutí, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n á fún òun nínú omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì kan? Mo dá a lóhùn pé wọ́n á fún un. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ìbọn ńlá lu òkè Bwenkoma.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín tún yọ, níbi kan náà. Ó tún yọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyá yìí ń jí láàárọ̀, ó ń koná mọ́ kòtò, ó gbọ́ tí ọta ń bú gbàù lókè orí rẹ̀, ó sì rò pé àwa la fi ń kí òun! Àwọn ará wa tilẹ̀ ń fi ṣàwàdà, wọ́n ní Mà Kagemulo kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mà á gbàdúrà kí èéfín yọ, kí n lè mọ̀ pé ó wà. Bó bá ti yọ, mà á tún gbàdúrà kó kú kí wọ́n tó rí i. Ọlọ́run wo ló fẹ́ dáhùn irú àdúrà méjì bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ènìyàn kan?

Mutalemwa á dúró sétí òkè, á máa pariwo pé, “Màmá, paná! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ paná!” Ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà pariwo, mo bú u, mo pè é ní olórí kunkun, mo ní ṣé ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi pọn ọtí ni. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bọ́ sódò. Àwọn apẹja ló wọ́ ọ jáde, tó ń jà, tó ń gbé wọn ṣépè. Makame kò wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mọ́. Bó bá rí wa, á yà gba ọ̀nà míràn.

Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, èéfín kò yọ. A dúró dè é títí oòrùn fi mú.

“Ó ti pọ́n ni,” ni ọkọ mi wí. “Bó bá ti pọ́n, wọn kì í dáná sí i mọ́.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ọjọ́ tó yẹ kó pọ́n nìyẹn. Òótọ́ sì ni, ó ti tó kó pọ́n. A dì mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, èmi àti òun, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wa.

Àwọn sójà wa fi ọkọ̀ ojú omi sọdá, wọ́n to afárá onírin sójú odò, àwọn ìbọn ńlá náà sì sọdá. Àwọn ará Uganda ti sá. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí aráàlú máa lọ, ọkọ mi ló ṣíwájú gbogbo wa, ó gbé Byera kọ́rùn. Kò sí màlúù kan lójú ọ̀nà, kò sí páànù lórí ilé. Ní apá ilé ìwé, a rí ibi tí àwọn sójà Uganda tẹ̀dó sí, agolo àti bàtà kún ibẹ̀. Nínú oko tiwa, kò sí ẹsẹ̀ bàtà kan.

Nínú yàrá ńlá, Mà Kagemulo ti tẹ́ koríko tuntun sílẹ̀ dè wá, bí a ṣe máa ń tẹ́ ẹ fún àlejò pàtàkì. Ilé ìdáná ni ọta bà. Ibẹ̀ la ti rí i, lábẹ́ ògiri, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ tó torí rẹ̀ dúró.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú, Mutalemwa lọ wú kòtò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ti pọ́n, ó pọ́n dọ́ba, òórùn rẹ̀ gba gbogbo oko, ọ̀kan kò jẹrà. Ó jókòó tì í. Mo rò pé yóò da iyẹ̀pẹ̀ padà bò ó ni. Ó dìde, ó pọn omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó fi òkúta ha gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko sínú ọpọ́n, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹkún rẹ̀ ti dá, orí iṣẹ́ yẹn ló ṣì wà tí Makame fi dé. Wọ́n ń gbéra lọ sínú ilẹ̀ Uganda, ó sì ti ya ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà kó lè mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó ṣí fìlà, ó kí wa. Ó rí ọpọ́n, ó rí ọkọ mi nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rò pé ayẹyẹ ni.

Láti ìgbà tí èéfín ti kú ni mo ti ń to èpè tí n ó ṣẹ́ fún ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n àlejò ti wọlé, ẹnu rẹ̀ sì gbẹ. Mo mú ahá, mo bu omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì kan, mo gbé e fún un. Ó mu ún, ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

“Ó dùn gan-an, Màmá Byera. Màmá àgbà dà, kí n kí wọn?”

“Ibi tí o rán ọta sí náà ni wọ́n wà.”

Ọkọ mi kò gbójú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ọpọ́n. Makame wo ahá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níkẹyìn ó nà án sí mi kí n gbà á, ó ṣì ku díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Nílé Mà Kagemulo, wọn kì í gba ahá lọ́wọ́ àlejò tí kò tíì mu tẹ́rùn. Mo bu òmíràn lé e, mo dúró tì í títí ó fi mu ún tán.