Omi Tí Kò Gbọdọ̀ Tán

Láràárọ̀, kí Houlératou tó ṣe àlùwàlá, á kọ́kọ́ wọn omi. Á mú ọ̀pá tí Oumar ọkọ rẹ̀ fi kọ́ sára ògiri, á fi aṣọ mímọ́ nù ún, á ṣí ìdérí àmù sìmẹ́ńtì ńlá tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, á ti ọ̀pá náà bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Tó bá fà á jáde, á wo ibi tó tutù dé. Irin gbígbóná ni Oumar fi fa ilà sára ọ̀pá náà, ilà kan sì jẹ́ garawa mẹ́wàá.

Pọ́ǹpù wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó sọ pé omi wọ́n. Ṣùgbọ́n omi inú àmù yẹn, omi Oumar ni. Oumar tó ń fi páànù ṣe ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ fún àwọn onílé láti Bantè dé Gouka ló gbe òjò ìkẹyìn èṣín sínú rẹ̀, tó sì di àwọ̀n mọ́ ọn lẹ́nu kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú. Omi wà ní ilà méje. Láti ìgbà náà, Houlératou nìkan ló ń bù ú, ìdajì garawa lójúmọ́, fún àlùwàlá àti mímu. Bí ẹ bá bi í, á ní omi òjò dára fún ikùn àgbà. Irọ́ ló ń pa. Àárò ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ní oṣù kejì ọdún, tí omi ti fà dé ilà méjì, ó fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Pira. Ó pe Chimène, ìyàwó Affis ọmọ rẹ̀. Ọmọ Mahi láti Savalou ni Chimène, ó lóyún oṣù márùn-ún, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ilé ọkọ.

"Ìyàwó mi, má jẹ́ kí omi inú àmù yìí tán o."

"Ó ti yé mi, Màmá," ni Chimène wí lórí ìkúnlẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ti Chimène dénú rẹ̀, ó di odindi, ó tún lé díẹ̀.

Láti ìgbà tí Houlératou ti Pira dé ni omi kò ti fà mọ́. Ilà méjì lónìí, ilà méjì lọ́la, ó di ogójì ọjọ́. Obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ta aṣọ, tí kò sí oníbàárà tó lè fi ìwọ̀n rẹ́ ẹ jẹ, kò béèrè bó ṣe jẹ́. Kò fẹ́ mọ̀ ni. Á kàn tẹríba sẹ́nu àmù láàárọ̀, á ní, "O ṣeun. O ṣeun." Oumar ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Affis ti Savalou, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wá. "Màmá, òjò ti sún mọ́lé. Ẹ jẹ́ ká gbọ́n omi yìí dànù, ká fọ àmù kí ti ọdún yìí tó wọ̀ ọ́. Ọmọ tuntun ń bọ̀ nílé yìí, omi tó máa mu ni."

"Kò sẹ́ni tó máa da omi bàbá rẹ nù níṣojú mi."

Ó kọ̀ jálẹ̀. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé òótọ́ lọmọ òun sọ. Oumar fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí òjò bá àmù tí wọn kò fọ̀. Ojú ọ̀run sì ń ṣú lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú fìlà Oumar jáde kí ó fọ̀ ọ́ fún Affis. Omi àmù ló bù sí i. Ó fi ọṣẹ pa á, ó pa á títí, ọṣẹ kò hó. Houlératou dúró. Omi òjò kì í ṣe báyìí. Ọṣẹ kì í tíì kàn án dáadáa tí ìfóòfó á fi kún ọwọ́. Omi pọ́ǹpù ló máa ń bá ọṣẹ jà. Ó tọ́ ọ wò, lọ́tẹ̀ yìí ó jẹ́ kí ẹnu òun mọ̀ ọ́n: ó dùn bí irin.

"Chimène." Kò pè é ní ìyàwó mi.

Chimène dé, ó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀.

"Ta ló ń da omi pọ́ǹpù sínú àmù mi?"

"Èmi ni, Màmá." Ojú rẹ̀ kò fi ẹ̀bi kankan hàn. "Ẹ ní kí n má jẹ́ kó tán. Tí ẹ bá ti lọ sọ́jà, mo máa ń pọn garawa kan sí i, lọ́jọ́ méjì-méjì. Mi ò jẹ́ kó tán."

Inú bí Houlératou gidigidi. Ogójì ọjọ́, ogún garawa, ilà méjì géérégé. Omi Oumar ti lọ, òun kò sì mọ ọjọ́ tó lọ. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀ burúkú, ló bá rí òṣùká léjìká Chimène, ó ṣì tutù. Ó ro ọ̀nà pọ́ǹpù wò, garawa lórí, oyún níwájú. Òkú ni òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, alààyè ló ń pọn omi.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀, Màmá. Mo máa ń gbọ́ yín láti yàrá láràárọ̀, tí ẹ ń sọ pé 'O ṣeun, o ṣeun.' Mo rò pé èmi ni ẹ ń sọ fún."

Houlératou wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé ti gba ojú rẹ̀.

"Ìwọ ni," ló wí. "Dìde nílẹ̀, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n gbọ́n omi àmù sídìí igi kajú tí Oumar máa ń jókòó sí. Affis wọ inú àmù lọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti jáfẹ̀lì, omi oògùn tó ń pa kòkòrò, fọ̀ ọ́, wọ́n ṣàn án dáadáa, wọ́n sì yí ẹnu ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ síta. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó fọ eruku àti ìgbẹ́ alángbá kúrò lórí páànù, wọ́n jẹ́ kí ó ṣàn lọ. Nígbà tí òjò kejì ń bọ̀ ni Houlératou tó yí ẹnu ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ padà sínú àmù, tó sì di àwọ̀n mọ́ ọn.

Nígbà tí òjò dá, ó nu ọ̀pá, ó nà án sí Chimène. "Ìwọ ni kí o wọ̀n ọ́n."

Chimène fà á jáde. "Ilà kan, Màmá." Ó wojú rẹ̀. "Tí ẹ bá ní kí n má jẹ́ kó tán, ṣé kí n má lò ó ni, àbí kí n máa pọn kún un?"

Houlératou rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò tíì rín láti ọjọ́ tí Oumar ti kú.

"Máa lò ó, ìyàwó mi," ló wí. "Jẹ́ kó tán."