Ariwo Ilé Kejì

Oṣù méje gbáko ni Salahudeen Àlàmú fi bá ariwo kan ṣọ̀tá. Kì í ṣe ariwo tí etí ń gbọ́ o. Bí o bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Oshawa, ilé náà á dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Orí kọ̀ǹpútà ni ariwo ọ̀hún ti ń yọ, ìlà funfun méjì tó nípọn, tọ̀sán-tòru, láìsinmi.

Iṣẹ́ tẹlifóònù ni Salahudeen ṣe ní Ìbàdàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Akíndúró. Lẹ́yìn náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ Morufat wá bá Aishah ọmọ wọn ní Oshawa, ní Kánádà. Nígbà tí Morufat kú, tí Aishah sì bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Georgetown, ìlú tó jìnnà síbẹ̀, rédíò ló kù fún un. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Àwọn tó ń ṣe irú tirẹ̀ kì í rí kọ́bọ̀ nídìí ẹ̀. Wọ́n á ta wáyà gígùn sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa wá àwọn ẹgbẹ́ wọn láti òkèèrè, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ìgbì rédíò ti gùn jù. Ohun tó bá gba orí òkun kọjá níbẹ̀ ti máa ń rẹ̀ débi pé etí kò lè gbọ́ ọ, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Àmì Morse ni wọ́n ń lò, níbi tí ìlà gígùn àti kúkúrú ti ń dúró fún lẹ́tà. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́ títí, ìlà kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà á sì máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi hàn fírífírí. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè jẹ tó ààbọ̀ wákàtí. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń ṣe irú èyí bí kò ṣe ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀?

Akíndúró wà ní Ìsẹ́yìn, ó ti ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọdún kẹta nìyí tí ó ń fi ránṣẹ́ lásìkò òtútù Kánádà, tí Salahudeen ń ranjú, tí kò rí nǹkan kan. Òfin wọn le. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ lórí fóònù ohun tí òun ń fi ránṣẹ́, nítorí ojú tó bá ti mọ ohun tó ń wá kì í pẹ́ rí i níbi tí kò sí. Wàyí o, àwọn ẹbí ti ta ilẹ̀ náà. Lọ́la ni wọ́n máa wó òpó lulẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ òní nìkan ló kù, lẹ́tà méjì péré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, torí bátìrì Akíndúró kò lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Salahudeen kò bá rí i lónìí, kò ní rí i mọ́ láé.

Ariwo yìí sì ni ìdènà. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi wà lọ́dọ̀ Aishah nínú oṣù karùn-ún ni àlejò kan kó wá sí ilé kejì, èyí tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀ àti ti Salahudeen. Bí ó ti dé ló bá ìlà méjì lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbé rédíò kékeré lọ́wọ́, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù, ó sì rí i pé láti yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ ni. Kọ́tìnnì ibẹ̀ kì í ṣí. Mọ́tò kan máa ń wá láàárọ̀, á tún lọ. Salahudeen ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òyìnbó kan tí kò fẹ́ràn èèyàn ló ń gbébẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi lọ kan ilẹ̀kùn? Ìtìjú ni. Ọmọlúàbí kì í fi ẹjọ́ ṣe ìkíni àkọ́kọ́. Ó ní òun á kọ́kọ́ lọ kí wọn, òun á jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan, kí òun tó wá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ariwo. Ọ̀la ni, ọ̀la ni, títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀. Ìkíni kò wáyé, ẹjọ́ kò wáyé, inú nìkan ló ń bí i. Lójoojúmọ́ ló ń tẹ́ ẹní ìrun, tí ó ń dojú kọ ògiri yẹn gan-an, torí ibẹ̀ ni ìlà-oòrùn wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oòrùn wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Ó kí ìrun mọ̀gáríbì, ó jókòó. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Akíndúró bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìlà méjì náà kú pii. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó mọ́ tónítóní.

“Alhamdulillahi!” Salahudeen fò sókè nídìí àga. Ó rò pé aládùúgbò ti jáde nílé, ó ti pa ohun tó ń pariwo. Ó gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lára ògiri, ó ní wọ́n ń kan ìṣó. Kí wọ́n kan ogójì bó bá wù wọ́n.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà láàárín òkùnkùn náà, tín-ín-rín bí irun. Ó bọ́ dígí, ó nù ún, ó tún wò. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó fà títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó já, òmíràn tún fà. Ìlà gígùn méjì. M ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Láti Ìsẹ́yìn! Omi gba ojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pè wá wò ó.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín lẹ́tà àkọ́kọ́ àti èkejì. Nínú ìdákẹ́ yẹn ló tún gbọ́ ọ. Kọ́. Kọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kọ́. Ó ti ń lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wá rántí pé òun ti ń gbọ́ ọ láti bí ogójì ìṣẹ́jú, àti pé ariwo tí kò kú rí fún oṣù méje, wákàtí yìí náà ló kú. Ẹni tó ń kan ìṣó kì í ṣe báyìí.

Sálúbàtà ló wọ̀ jáde sínú yìnyín. Ó lu ilẹ̀kùn iwájú. “Hello? Are you okay in there?”

Ó fi etí lé ilẹ̀kùn. Ohùn kan dáhùn láti inú, ó rẹlẹ̀ bí èémí. “Ẹ gba ẹ̀yìn. Kò sí ní títì.”

Yorùbá! Ó sáré gba ẹ̀yìn wọlé. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló bá nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, rọ́bà kékeré wà nímú wọn, ètè wọn ti dúdú. Ẹ̀rọ ọ́síjìn kan dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ fa wáyà rẹ̀ yọ nígbà tí wọ́n ṣubú.

Salahudeen mú wáyà náà. Ọ̀tá rẹ̀ ló dì mú yìí, ó sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà kejì bí òun bá kì í bọ ògiri. Èmi kò ní purọ́ fún un: ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ó pe 911. “What's her name, sir?”

“I don't know.”

“And who are you?”

“I'm the neighbour,” ó ní. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Màmá ṣí ojú. “Hàlímátù,” ni wọ́n sọ. Wọ́n mí, wọ́n tún mí. “Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń gbọ́ yín lára ògiri. Tí ẹ bá kírun tán, tí ẹ ń ṣe àdúà fún Morufat, èmi náà á ní àmín. Mo sọ fún ọmọ mi pé Yorùbá ni, kò ní pẹ́ wá kí mi kú àtìdé.”

Ojú ti Salahudeen débi pé ó ń wo ilẹ̀ títí àwọn onímọ́tò pàjáwìrì fi dé, tí wọ́n gbé màmá lọ.

Nígbà tó padà sílé, M wà lójú kọ̀ǹpútà, gbangba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà nínípọn méjì tó bo gbogbo ibi tí lẹ́tà kejì ìbá wà. Ó pe Akíndúró, ó ròyìn fún un.

Akíndúró wá sọ ohun tó fi ránṣẹ́. “M àti A ni, ọ̀rẹ́ mi. Morufat Àlàmú. Mo ní kí orúkọ ìyàwó ẹ gba orí òkun wá bá ẹ.”

Salahudeen sunkún sínú fóònù, kò tilẹ̀ bò ó.

“Ṣé ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dé?” Akíndúró béèrè.

“Rárá. M nìkan ni mo rí, ààbọ̀ kò sí nínú òfin wa.”

Nígbà tí ọmọ màmá wá pa ẹ̀rọ náà, ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi mọ́ láìsí ariwo kankan. Òpó Ìsẹ́yìn ti wó. Salahudeen jókòó síwájú òkùnkùn tó mọ́ náà, kò sí ohun tí ó ń retí níbẹ̀ mọ́, tàbí ká sọ pé ohun tí ó ń retí ti yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, bí ó ti kí mọ̀gáríbì tán, ìlà méjì fò yọ, wọ́n nípọn, wọ́n funfun.

Ó dìde. Ó kó ọsàn mẹ́fà sínú ọ̀rá, ó gbá yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn màmá, ó kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n dúró pẹ̀lú ọ̀pá wọn, rọ́bà ọ́síjìn gùn lẹ́yìn wọn dé inú yàrá. Salahudeen, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tẹríba títí ìka rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

“Ẹ kú àtìdé, mà.”

“Àtìdé oṣù karùn-ún?” Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú kó rẹ̀ wọ́n díẹ̀. “Ẹ pẹ́ lọ́nà o. Ẹ wọlé, òtútù ń wọlé.”