Tíì Ọjọ́bọ̀ ní Àjà Keje

Kí n tó mọ ẹnikẹ́ni ní Märkisches Viertel, àdúgbò tí mò ń gbé ní Berlin, mo ti mọ gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Rọ́ṣíà tó wà nítòsí ibùdókọ̀ wa. Mo mọ tòmátò tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀, mo mọ búrẹ́dì dúdú tó wúwo bíi bíríkì, mo mọ wàrà kíkan tí wọ́n ń pè ní kẹfíà. N kì í sábà ra nǹkan kan. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Kreuzberg, níbi tí mo ti ń fọ abọ́ ní ilé kọfí kan, màá kàn yà síbẹ̀, màá rìn yípo, màá gbọ́ bí àwọn àgbà obìnrin ṣe ń bá ẹni tó ń tajà fa ọ̀rọ̀ lórí ànàmá, màá sì jáde. Nígbà yẹn, mo lè lo odindi ọjọ́ kan láìsọ ju "Hallo" àti "Danke" lọ.

Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé ní Abẹ́òkúta, nítorí ikọ́ fée tó ń dà mí láàmú. Bàbá àgbà mi ni tíṣà mi. N kò ní ẹgbẹ́. Àárín àwọn àgbà ni mo ń jókòó sí, tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ìgbà tí mo dé Germany, lọ́dọ̀ Àǹtí Múríkátù ní Wilhelmsburg ní Hamburg, n kò rí àgbà kankan tí mo lè jókòó tì. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, ilẹ̀kùn wọn ń tì. Àfi ọjọ́ tí mo rí eré Rọ́ṣíà kan lórí fóònù. Àwọn ìyá arúgbó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń wo ẹni tó kí wọn àti ẹni tí kò kí wọn. Àlejò dé, wọ́n ní kó bọ́ bàtà, wọ́n fún un ní sálúbàtà, wọn ò bi í bóyá ó máa jẹun, wọ́n kàn gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní, áà, mo mọ àwọn èèyàn yìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò wọ́n. Mo kọ́ lẹ́tà wọn. Mo mọ̀ pé òdòdó tí èèyàn bá mú lọ kí alààyè, kó jẹ́ márùn-ún tàbí méje, pé mẹ́fà, ti òkú ni. Mo mọ̀ pé wọn kì í bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ìloro. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí Berlin tí mo sì kó lọ síbẹ̀, tí mo gbọ́ èdè náà nínú bọ́ọ̀sì adúgbò mi, inú mi dùn bí ẹni pé èmi náà ti délé.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè bàjẹ́ nílé wa ni mo pàdé Nina Pavlovna, àgbà obìnrin ará Rọ́ṣíà kan. Wọ́n dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú fúláwà àti ànàmá, wọ́n ń wo àtẹ̀gùn bí ẹni ń wo ọ̀tá. Mo fi èdè wọn kí wọn, orúnkún mi sì kọ́kọ́ tẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" ni wọ́n bi mí, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Mo gbé ẹrù náà dé àjà keje, àjà kẹrin lèmi ń gbé. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí n kì í lọ ibi iṣẹ́, ní aago mẹ́rin, èmi nìyẹn nínú kíṣìnnì wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí à ń di pelmeni: ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi fúláwà tó tẹ́ẹ́rẹ́ dì bí etí ọmọdé. Mo sọ fún wọn pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ní Kazan ni àwọn dàgbà sí, ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ìdajì àdúgbò àwọn kì í jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ra ẹran àgùtàn lọ́dọ̀ alápatà ará Tọ́kì. Èdè Germany díẹ̀, Rọ́ṣíà díẹ̀, a ń gbọ́ ara wa. Ẹnjiníà tó ń ya àwòrán afárá tí wọ́n fẹ́ kọ́ ni wọ́n nígbà iṣẹ́ wọn. Wọn ò bímọ. Ìyẹn nìkan ni ibi tí mo ti ń jẹun pẹ̀lú ẹnìkan ní gbogbo Berlin.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ni mí lára. Àwọn ará Rọ́ṣíà, tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè, wọ́n á sì fi ti bàbá rẹ̀ tì í. Nina Pavlovna: Nina ọmọ Pavel. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n la ẹnu mi, kí n pe ẹni tó ju ìyá mi lọ lórúkọ? Ní Abẹ́òkúta, ìfọ́tí ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Nítorí náà, oṣù márùn-ún ni mi ò fi pè wọ́n ní nǹkankan. Tí wọ́n bá wà ní yàrá kejì, màá wúkọ́.

Ìgbà tó di ọjọ́ ìbí wọn, tí wọ́n pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wọ́n pè mí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta. Mo mú òdòdó méje lọ. Nídìí tábìlì wọn, olúkúlùkù ló máa ń dìde gbé ife, kó sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ tèmi sórí. Ó kàn mí, mo dìde, mo ní: "Bàbúṣkà mi ọ̀wọ́n."

Ìyá àgbà mi. Ẹ̀bùn ni mo rò pé mò ń fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, Tamara, bú sẹ́rìn-ín. "Nina, o ti lọ́mọ-ọmọ, o ò sì sọ fún wa. Ọkọ náà ńkọ́, ibo lo fi pamọ́ sí?"

Nina Pavlovna gbé ife wọn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo ní orúkọ," ni wọ́n wí. "Bàbá mi fún mi, ó fi tirẹ̀ kún un. Ogójì ọdún ni àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ mi fi ń pè é lórí ìdúró. Bàbúṣkà ni ẹni tó ń ta kóró òdòdó yíyan ní ibùdó rélùwéè."

Mo jókòó. N kò rántí ohun tí mo jẹ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Láti inú, wọ́n ní, "Ó rẹ̀ mí lónìí." Ọjọ́bọ̀ kejì, wọn ò dáhùn rárá, bẹ́ẹ̀ òórùn àlùbọ́sà ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

Iléyá ló gbé mi lọ sí Hamburg. Èmi àti Àǹtí Múríkátù jọ ń fọ ẹran ní kíṣìnnì, ọmọ wọn Hanifat dúró tì wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

"Fàúsátù, kí ló ṣe ojú ẹ tó dà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀?" ni Àǹtí wí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Sag doch einfach den Namen," ni Hanifat wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Kí n kàn pe orúkọ náà.

"Ìwọ, dákẹ́. Ìwọ tó ń pe tíṣà ẹ bí ẹni ń pe adìyẹ." Àǹtí yíjú sí mi. "Èmi ni mo mú ẹ wá sí Germany, o wá lọ ń ṣe ará Rọ́ṣíà. Ó dáa. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìmọ́tótó ní pọ́ọ̀tù, ọ̀gá wa ní ká máa pe òun ní Renate. Arúgbó ni o. Odindi ọdún kan, 'Entschuldigung' ni mò ń pè é. Ó rò pé mo ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ kan tóun ò tíì rí."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín.

"Kó o tó sọ wọ́n di ìyá àgbà, ṣé o bi wọ́n?"

Mo tẹjú mọ́ ẹran tí mò ń fọ̀.

"Ìyá àgbà ẹ wà l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta kan nìyí tí àwọn ti gbóhùn ẹ. Ti obìnrin yẹn, orúkọ ẹ̀ ló ń fẹ́. Fún un lórúkọ ẹ̀."

"Tí ẹnu mi ò bá gbà á ńkọ́, Àǹtí?"

"Jẹ́ kó gbà á nínú rélùwéè kó o tó débẹ̀."

Nígbà tí mò ń padà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú rélùwéè, níbi tí ariwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti pọ̀ jù, mo pe orúkọ náà. Etí mi gbóná bí ẹni pé mo bú àgbà. Ọkùnrin kan kọjá, ó wò mí, mo ṣe bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí fóònù. Mo tún pè é. Nígbà tí a fi dé Spandau, létí Berlin, ó ti ń jáde láìkọsẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin, mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

"Ta ni?"

"Nina Pavlovna, èmi ni, Fàúsátù. Mo wá bẹ̀ yín." Ilẹ̀kùn wà ní títì, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ yí. Wọ́n wò mí pẹ́ bí mo ṣe ń dìde. "O pè é dáadáa," ni wọ́n wí. "Wọlé."

Ẹsẹ̀ mi ti yà sí kíṣìnnì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kejì ni wọ́n ṣí, ti pálọ̀ tí wọ́n ń gba àlejò sí. N kò jókòó níbẹ̀ rí. Wọ́n yọ ife olómi wúrà létí láti inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n fi àwo gbé tíì wá, jáàmù wà lọ́tọ̀ nínú abọ́ kékeré. Wọ́n bi mí pé ìrìn àjò ńkọ́, ṣé òjò ń rọ̀ ní Hamburg. Mo ní ó ń rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń rọ̀ níbẹ̀. Kò sí ohun kan tó kù nínú ọ̀wọ̀ tí wọn ò fi wọ̀ mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n má bínú, àwọn ní ìkòkò lórí iná.

Mo gbọ́ igi tí wọ́n fi ń yí fúláwà lórí pátákó. Ó ń yí, ó ń dúró, ó ń yí. Ògiri kan ló wà láàárín wa.

"Nina Pavlovna," mo pè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ni mí lára rárá. Igi dúró. "Ṣé kí n wá bá yín dì í?"

Ohùn wọn wá láti kíṣìnnì:

"Mu tíì rẹ, kó tó tutù."

Igi tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo mu tíì náà, mo jẹ jáàmù náà tán, mo wo fọ́tò àwọn afárá lára ògiri. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ máa lọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí wọn ò ṣe rí.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Aago mẹ́rin."

Mo dúpẹ́, mo pe orúkọ wọn àti ti bàbá wọn pé, mo sì fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà kẹrin.