Káràté Mọ́wùnmí

Irọ́ tí Mọ́wùnmí pa kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá sì ni nígbà tó pa á, nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má tíì dá a lẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní London ni. Ó ń wá bàtà eré ìdárayá nínú báàgì, ni sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì bá já bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, aṣọ funfun gbọọrọ tòun ti àmùrè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ láàárọ̀, torí wọ́n fẹ́ gba iléèwé kọjá sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kan bi í pé kí nìyẹn. Mọ́wùnmí rò ó wò: tó bá ní aṣọ ìjọ Aládùúrà ni, wọ́n á ní kí ni Aládùúrà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àwọn kì í wọ bàtà sí i, pé ẹ̀mí máa ń gbé àwọn mìíràn títí wọ́n á fi ṣubú. Ó ní, "Káràté."

Bó ṣe parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é káwọn rí, ohun tó sì yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu nìyẹn. Ká ní ọmọ tín-ín-rín kan ló sọ ọ́ ni, wọn ì bá fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n Mọ́wùnmí ga ju tíṣà lọ, ó dúdú dáadáa, èjìká rẹ̀ gbòòrò. Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n mi orí. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo iléèwé ti fún un ní bẹ́líìtì dúdú, ti àwọn ọ̀gá káràté. Òun kọ́ ló gbà á o. Àwọn ló so ó mọ́ ọn nídìí.

Àtìgbà náà, níbi tí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀, Mọ́wùnmí ni wọ́n máa tì síwájú. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin kan fẹ́ já fóònù gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì 472. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Mọ́wùnmí, dìde sí wọn." Ó dìde. Àwọn ọmọkùnrin náà wò ó, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó kàn. Gbogbo bọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ó délé, ó bì.

Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún wàyí, ó sì ń lọ sí yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Ọ̀kìtóbà, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí adágún ní Tavy Bridge, àdúgbò wọn, wọ́n ń jẹ ṣípísì, ọ̀dùnkún díndín. Sọ̀fíyátù ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ káràté yẹn. Híjáàbù kì í kúrò lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ọlábímpé ní tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òṣogbo dé lọ́dún kejì sẹ́yìn, nígbà tí ìyá rẹ̀ gba físà láti wá máa tọ́jú àwọn arúgbó. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ, á bá èèyàn délé. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá ọlọ́rùn gígùn tó ni adágún náà ń rìn kiri nídìí wọn, wọ́n ń wo ṣípísì bí ẹni pé àwọn ni wọ́n rà á fún. Sọ̀fíyátù ti ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì. Mọ́wùnmí jókòó sí ìpẹ̀kun pátápátá, ó ní òórùn wọn ni òun ò fẹ́.

"Obìnrin kan bá mi sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀sì lónìí," Sọ̀fíyátù ní. "Ó ń rọra sọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Ó ní ṣé bàbá mi gbà kí n máa lọ síléèwé. Èmi tó jẹ́ pé àràárọ̀ ni bàbá mi ń bẹ̀ mí kí n dìde lọ."

"Kí lo wá sọ fún un?" Ọlábímpé bi í.

"Mo ní mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlábímpé mú ṣípísì kan, ó tì í bọ ẹnu, ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ tiẹ̀. Ó ní tíṣà kan ti yin Gẹ̀ẹ́sì òun, tíṣà náà sì bi òun pé níbo lòun ti kọ́ ọ. Òun dá a lóhùn pé inú ọkọ̀ òfúrufú ni, nígbà tí àwọn ń bọ̀. Tíṣà ní ìrìnàjò yẹn á mà jìn o.

"Ẹ̀yin tiẹ̀ ń rẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀," Mọ́wùnmí ní. "Tí èmi bá jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, àga ẹ̀gbẹ́ mi á ṣófo títí dé Woolwich Dockyard."

"Ìyẹn dáa. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé báàgì mi sí," Sọ̀fíyátù ní.

Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́. "Ẹ rántí ìgbà tí ìyá àgbà mi kú? Mò ń sunkún ní kọ́rídọ̀. Tíṣà sáré dé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni mo lù."

Sọ̀fíyátù na ṣípísì kan sí i. "Ó dáa, tó o bá ti ń lù wọ́n kiri, jẹ́ ká fi ṣe rere. Mo ti bá àwọn tó ń mójú tó àwọn ọmọdébìnrin ní gbọ̀ngàn àdúgbò sọ̀rọ̀. Ìwọ lo máa kọ́ wọn ní káràté lọ́la. Bẹ́ǹṣì yìí la ti máa pàdé láàárọ̀. Mú aṣọ funfun ẹ dání."

Ṣípísì há Mọ́wùnmí lọ́fun. Ọlábímpé gbá a lẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà lórí adágún.

Ẹ máà jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Sọ̀fíyátù ló ń ba Mọ́wùnmí lẹ́rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré ni Sọ̀fíyátù ti ń gbé híjáàbù tiẹ̀ sórí. Wọ́n ti fà á ya rí, wọ́n ti ké ìkékúùké tẹ̀lé e láti Plumstead wálé, ọjọ́ kejì á tún wé òmíràn tó mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ. Kí ló fẹ́ rò nípa ọ̀rẹ́ tó kó tiẹ̀ sínú báàgì, tó tún ń pè é ní eré ìdárayá? Ọ̀rẹ́ yìí ni Mọ́wùnmí ò fẹ́ pàdánù. Tí wọ́n bá gba bẹ́líìtì, kí wọ́n gbà á.

Nígbà tó délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí YouTube, ó dúró síwájú dígí. Ọkùnrin inú fóònù ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ó gbé e. Ó ta ike omi àdúrà ìyá rẹ̀ nípàá, omi sì tú sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́rùn. "Ta lò ń bá jà?"

"Kò sí, Mummy. Ẹ má bínú. Káràté ni."

"Ìwọ? Ìwọ tó o rí aáyán lọ́sẹ̀ tó kọjá tó o gun orí àga, tó jẹ́ èmi ni mo wá pa á?"

Mọ́wùnmí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tútù, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ títí òun náà fi wá ibi jókòó. "Káràté," ó ní, ó nu ojú. "Aṣọ tí mò ń fi ọwọ́ ara mi fọ̀ títí ó fi ń dán. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ tíì rìn jìnnà. Lọ́la ni ìkórè àwọn ọ̀dọ́. Ilé yìí lo ti máa wọ̀ ọ́ jáde. Kò sí pé mò ń lọ wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́."

"Omi orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìwọ lo máa sùn lé e."

Láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ti bá ọkọ̀ àwọn tó kó oúnjẹ lọ. Mọ́wùnmí wọ sùtánà, ó di àmùrè, ó wọ kóòtù ìyá rẹ̀ tó gùn lé e lórí. Ẹsẹ̀ ni kóòtù ò lè bò. Ó rìn lẹ́sẹ̀ lásán lórí kọnkéré tútù, ọkùnrin kan tó ń fa ajá kọjá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ajá náà wò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti ń bọ́ bọ́tìnnì kóòtù, torí ó mọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kí i pẹ́nrẹ́n, á tún parọ́ míì.

"Kò sí káràté," ó ní. "Kò tiẹ̀ sí rí. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi nìyí. Aládùúrà ni wá."

Wọ́n ń wò ó. Ọlábímpé ló kọ́kọ́ lanu. "Ó parí?"

"Kí ló tún kù?"

"Mo rò pé o fẹ́ sọ nǹkan tá ò mọ̀ ni."

Ẹnu Mọ́wùnmí là sílẹ̀. Ọlábímpé ní ní Òṣogbo, aláṣọ funfun wà níwájú ilé àwọn, òmíràn wà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ jókòó tì í ní kíláàsì, báàgì rẹ̀ ń ta sánsán tùràrí. "Mo ní káràté àwọn ará ibí mà lágbára o. Wọ́n tún ń sun tùràrí sí i."

"Fèrèsé kíṣìnì wa ló kọjú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yín," Sọ̀fíyátù ní. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí ẹ. Gbogbo Sunday lò ń jó ju ẹni gbogbo lọ, pẹ̀lú gíga ẹ yẹn. Kò sí ọmọdébìnrin kankan tó ń dúró dè ẹ́ o. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní ká tó lọ yunifásítì, ká gba irọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ."

Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ǹṣì mú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ta sí i lọ́kàn, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Ọlábímpé wo ilẹ̀. Fóònù rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ ìjà kankan jà, ẹ wá ní kí n dìde sí wọn." Kò pariwo. "Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo bì nígbà tí mo délé."

"A ò rò pé ẹ̀rù máa ń bà ẹ́ ni," Sọ̀fíyátù ní.

"Kí ló dé tí ẹ ò rò ó?"

Sọ̀fíyátù wò ó látòkè délẹ̀, bí àwọn ọmọ kíláàsì ọjọ́sí ṣe wò ó gẹ́lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ ohun tójú òun ń ṣe, ó sì yára gbé e kúrò. "Èmi náà nìyẹn," ó ní. "Èmi tí mò ń fi obìnrin orí bọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá. Má bínú, Mọ́wùnmí. Lóòótọ́, má bínú."

Ọlábímpé ní, "Mi ò tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé kò ná ẹ ní nǹkan kan."

Mọ́wùnmí jókòó sáàárín wọn. Ó dùn ún, ó sì fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ̀rù ẹ ló bà mí jù," ó sọ fún Sọ̀fíyátù. "Ìwọ gbé tìẹ sórí, èmi kó tèmi pamọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kì í wù mí kí n kó tèmi pamọ́? Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wù mí. Irun tí mi ò dì ni kì í jẹ́."

Wọ́n dìde láti sìn ín dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò rìn jìnnà tí wọ́n fi kan àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá yẹn, gbogbo wọn dí ojú ọ̀nà tóóró etí omi. Èyí tó tóbi jù na ọrùn, ó ń fẹ́ ṣìììì sí wọn. Ọwọ́ Ọlábímpé ti lọ sí ẹ̀yìn Mọ́wùnmí láti tì í síwájú kó tó rántí, ó fà á padà.

"Mi ò lọ," Mọ́wùnmí ní. "Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ọ̀rọ̀ òórùn kọ́ rárá."

Sọ̀fíyátù, tó ń ká ẹsẹ̀ sókè lórí bẹ́ǹṣì lánàá, wo pẹ́pẹ́yẹ náà. Ó ní Bísímílláì, ó ṣá síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ, ó sì bọ́ síwájú. "Dúró sí ẹ̀yìn mi. Tí mo bá sá, má bi mí léèrè."

Mọ́wùnmí di etí híjáàbù Sọ̀fíyátù mú, ó ń tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀ lásán. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló lù.